Ọdún Mẹ́fà Tí Yèyé Dọ́kàsì Fi Sá fún Tábìlì Olúwa

Ọpẹ́ ni màá kọ́kọ́ dá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé mo jí lónìí, pé ojú mi ṣì ń ríran ka ìwé, pé ẹsẹ̀ mi ṣì ń gbé mi dé ilé Rẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, mo dúpẹ́ pé Ó fún mi láyè láti tún ohun tí mo fi ẹnu ara mi bà jẹ́ ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ bá kà á dé ìparí yóò mọ ìdí tí ọpẹ́ mi fi gùn báyìí.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní ìjọ wa ní Kabba níbí. Kò rọrùn fún mi láti kọ ọ́, nítorí èmi ni mo jẹ̀bi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti pinnu pé màá kọ ọ́.

Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń kọ́ kíláàsì àwọn ìyá àgbà ní ọjọ́ Ìsinmi. Èmi kì í ṣe pásítọ̀ o! Tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí. Ilé ìwé ìjọ ni mo ti mọ̀wé, nígbà tí mo sì dàgbà, ìjọ náà ló ní kí n wá máa kọ́ àwọn ìyá tí kò lè kàwé. Bí a ṣe ń ṣe é rèé: màá ka Bíbélì bó ṣe wà nínú Yorùbá ìwé, lẹ́yìn náà màá wá sọ ọ́ ní Owé, èdè ilé wa, kí ó lè yé wọn yékéyéké. Ká sọ òtítọ́, Yorùbá inú Bíbélì kọ́ ni àwọn ìyá wa fi ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí iṣu!

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìbéèrè. Ha! Ẹ wá gbọ́ ìbéèrè! Níbo ni Kéènì ti rí ìyàwó fẹ́? Báwo ni ràkúnmí ṣe fẹ́ gba ojú abẹ́rẹ́ kọjá? Ṣé lóòótọ́ ni Jésù ní ká kórìíra bàbá àti ìyá wa? Ìyá kan tiẹ̀ bi mí pé bí Ọlọ́run bá mọ ohun gbogbo, kí ló dé tí Bíbélì tún fi sọ pé Ó kábàámọ̀ pé Òun dá èèyàn. Mo ní bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́, kí a lè mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dùn Ún tó. Ìyá náà mi orí, ó ní ó ti yé òun, pé òun náà bímọ.

Mo fẹ́ràn ìbéèrè. Mo sì gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé mo fẹ́ràn kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ fún mi tí mo bá ti dáhùn. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Nínú kíláàsì náà, ìyá kan wà tí a ń pè ní Yèyé Dọ́kàsì. Ó ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún, opó ni, ó sì tún ń lọ sóko títí di òní olónìí. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló máa ń jókòó sí. Kì í pẹ́ dé, kì í sùn nínú ìwàásù, ó mọ orin ju àwọn akọrin lọ. Ṣùgbọ́n ní gbogbo Ìsinmi àkọ́kọ́ oṣù, tí a bá fẹ́ jẹ Oúnjẹ Olúwa, bí àwọn díákónì bá ti fọwọ́ kan aṣọ funfun tí wọ́n fi bo tábìlì, ẹ ó rí Yèyé tí yóò dìde, tí yóò tún ìró rẹ̀ ró, yóò ní òun gbé ìkòkò kaná.

Gbogbo wa ló mọ ìkòkò yẹn! A máa ń bi í pé irú ẹ̀wà wo ni ẹ ń sè láti ọdún yìí wá, Yèyé, tí kò jinná? Òun náà á rẹ́rìn-ín, á sì lọ. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run dárí jì mí.

Nígbà tó ku oṣù kan kí Àjíǹde dé, pásítọ̀ ní kí a máa mú àwọn ibi tó le nínú Bíbélì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí a máa dáhùn ìbéèrè lórí wọn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó kan orí kọkànlá ìwé tí Pọ́ọ̀lù kọ́kọ́ kọ sí àwọn ará Kọ́ríńtì. Mo kà á bí a ṣe máa ń kà á, láti ibi tí Jésù ti mú búrẹ́dì, títí dé ibi tí Pọ́ọ̀lù ti sọ pé ẹni tó bá jẹ ẹ́ láìyẹ ń jẹ ẹ̀bi, pé ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń ṣàìsàn, tí àwọn mìíràn sì ti sùn. Mo ṣàlàyé pé sísùn tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti orí bẹ́ẹ̀dì, ikú ni.

Yèyé Dọ́kàsì na ọwọ́. Ó ní, "Tíṣà, àwọn ará Kọ́ríńtì tó kú yẹn, ṣé ẹni tó jẹ ẹ́ gan-an ló kú, àbí ó lè fò ó kọjá kí ó lọ mú ọmọ rẹ̀?"

Obìnrin kan lẹ́yìn dá a lóhùn kíá: "Yèyé, ṣé ẹ fẹ́ wọkọ̀ lọ bá wọn dárò ní Kọ́ríńtì ni?"

Ni kíláàsì bá bú sẹ́rìn-ín! Èmi náà ti ń rẹ́rìn-ín, ìdáhùn mi ti wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n mo wo ọwọ́ Yèyé. Ó fi ọwọ́ kan di irin fèrèsé mú ṣinṣin. Kò rẹ́rìn-ín rárá.

Mo gbé ìdáhùn mi mì. Mo ní, "Yèyé, màá wá sílé wá bá yín."

Lọ́jọ́ Ajé, bí a ṣe jáde níléèwé, mo gba ilé rẹ̀ lọ. Ó ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà níwájú ilé. Mo kí i ní Owé pé, "Okun o, Yèyé." Ó ní, "Oo, okun." Ó ti àpótí kan sí mi. Mo jókòó, mo bá a ṣa ẹ̀wà.

Nígbà tó yá, ó sọ gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi Yorùbá tí gbogbo wa ń kà kọ ọ́.

Ó ní ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, òun àti ìyàwó àbúrò ọkọ òun, Ìyá Sámù, jà. Igi kajú mẹ́ta ni wọ́n jà lé lórí, ní ẹnu ààlà oko àwọn ọkọ wọn tó ti kú. Ta ló ni ín? Ta ló gbìn ín? Ọ̀rọ̀ di ariwo. Níṣojú ọ̀pọ̀ èèyàn, Yèyé pe Ìyá Sámù ní olè. Ìyá Sámù kó ẹrù rẹ̀, ó padà sí Iffe lọ́dọ̀ àwọn ẹbí tirẹ̀. Ìsinmi tó tẹ̀ lé e jẹ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ oṣù. Yèyé jẹ Oúnjẹ Olúwa pẹ̀lú ìjà yẹn nínú rẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn tí Jídé, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tíṣà ní Isanlu, fi kú.

Mo ní, "Yèyé, ta ló sọ fún yín pé Oúnjẹ Olúwa ló pa Jídé?"

Ó gbójú sókè, ó wò mí. Kò bínú. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ó ní, "Ìwọ ni, Tíṣà."

Èmi kẹ̀?

Ó rán mi létí. Lẹ́yìn ìsìnkú Jídé, ó béèrè nínú kíláàsì, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, pé bí èèyàn bá jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìjà nínú, kí ló lè ṣẹlẹ̀. Ó ní mo dìde dúró, mo fọwọ́ lé ìbàdí, mo ní ẹni náà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu májèlé mu, kí ó má sì yà á lẹ́nu bí májèlé náà bá dé ilé rẹ̀. Ó ní àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, mo rántí! Mo rántí àtẹ́wọ́ yẹn. N kò rántí ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n mo rántí àtẹ́wọ́. "Bó bá dé ilé rẹ̀." Níbo ni mo ti rí ìyẹn? Kò sí nínú ohun tí mo kà. Nígbà tí mo ń sọ ọ́ ní Owé, mo fi kún un kí ọ̀rọ̀ náà lè ta. Bí àwa tí a ń sọ Bíbélì ní èdè ilé ṣe máa ń ṣe nìyẹn: a ó fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, a ó fi ata díẹ̀ sí i. Àwọn ìyá kò lè kàwé láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí mo bá sọ ni Bíbélì tiwọn!

Yèyé tún sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọmọ kan ló kù fún mi, Tíṣà. Fúnkẹ́, tó wà ní Lokoja. Mo fẹ́ jẹ Oúnjẹ Olúwa lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó kú. Ó ń wù mí. Ṣùgbọ́n bí mo bá jẹ ẹ́ tí ó wá mú Fúnkẹ́ ńkọ́?"

Kí ni ẹ fẹ́ kí n sọ? Mo kí i, mo dìde. Bí mo ṣe ń lọ lọ́nà, omijé ń bọ́ lójú mi, àwọn ọlọ́kadà ń bi mí pé Àǹtí, ta ló ṣe yín. Kí n tó délé, mo ti pinnu. Èmi ni mo fi ẹ̀rù yìí kọ́ ọ lọ́rùn. Èmi ni màá bọ́ ọ kúrò níbẹ̀, bó bá gbà mí ní ọdún mẹ́fà mìíràn.

Mo kọ́kọ́ lọ bá pásítọ̀ wa. Ọmọ Igbaruku ni, ọ̀dọ́kùnrin jẹ́jẹ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo ní ṣé mo kàn lè sọ fún Yèyé pé ẹsẹ̀ yẹn kò kàn wá mọ́, pé ti ayé ìgbà yẹn ni.

Ó ní rárá. Ó ní, "Mà, ẹ ti fi kún un lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má wá yọ nínú rẹ̀ báyìí. Àìsàn wà níbẹ̀, ikú wà níbẹ̀. Ibo lẹ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí kà á?"

Mo ní láti ibi tí Jésù ti mú búrẹ́dì ni. Ó ní kí ló dé tó jẹ́ ibẹ̀. Mo ronú, n kò rí ìdí. Ibẹ̀ ni ẹni tó kọ́ mi ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo wa ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Nígbà náà, ojú fèrèsé lẹ ti ń gbà wọlé láti ọjọ́ yìí. Ẹ lọ gba ẹnu ọ̀nà."

Mo kó Bíbélì mẹ́ta jọ: ti Yorùbá àtijọ́, ti Yorùbá ìwòyí, àti ti Gẹ̀ẹ́sì. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi kà wọ́n lẹ́yìn iṣẹ́. Mo kọ́kọ́ wá ibi tó ti kan ọmọ, tàbí ilé, tàbí ẹbí. Kò sí nínú ọ̀kankan nínú wọn! Lẹ́yìn náà mo kà á láti ẹsẹ̀ kẹtàdínlógún. Àánú ara mi ṣe mí. Gbogbo ohun tó bí Pọ́ọ̀lù nínú ló wà níbẹ̀ kedere, lókè ibi tí mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, mo padà sọ́dọ̀ Yèyé. Bí mo ṣe dé, mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Yèyé, mo purọ́ mọ́ Bíbélì. N kò mọ̀ọ́mọ̀, ṣùgbọ́n mo purọ́ mọ́ ọn. Kò sọ pé ó máa dé ilé. Èmi ni mo fi ìyẹn kún un. Ẹ dárí jì mí."

Ó wò mí títí. Ó ní, "Ọdún mẹ́fà, Tíṣà."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Yèyé.

Mo rò pé yóò lé mi jáde. Lẹ́yìn náà ó ní, "Dìde níbẹ̀ yẹn. Ìjàlọ wà nílẹ̀ yẹn."

Mo jókòó, mo ṣí Bíbélì, mo kà á láti òkè. Lọ́tẹ̀ yìí, mo sọ ọ́ ní Owé láìfi iyọ̀ sí i. Mo ní àwọn ará Kọ́ríńtì máa ń pàdé láti jẹun pọ̀ ní orúkọ Jésù. Ṣùgbọ́n àwọn tó rí jẹ nínú wọn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Wọn á tètè dé, wọn á jẹ tiwọn, wọn á mu yó. Nígbà tí àwọn tálákà bá fi máa dé, oúnjẹ ti tán, ojú á sì máa tì wọ́n.

Yèyé dá mi dúró. Ó ní, "Dúró ná. Wọ́n ṣí oúnjẹ kí àwọn tó wà lẹ́nu ebè tó dé?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, a lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ó pòṣé! Ó pòṣé tí adìyẹ fi fò. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọmọ àgbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Lọ́dọ̀ wa, bí a bá bẹ ara wa lọ́wẹ̀ lọ sóko, oúnjẹ á ti dé abẹ́ igi, ebi á máa pa gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí yóò ṣí igbá títí ẹni tó kẹ́yìn lórí ebè yóò fi dé. Bó bá jẹ́ arúgbó, bó bá jẹ́ aláìsàn, a ó dúró. Ẹni tó bá ṣí igbá kí onítọ̀hún tó dé, ohun tó ń sọ ni pé iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́, òun alára kì í ṣe èèyàn.

Yèyé ní, "Ìdí nìyẹn tí Pọ́ọ̀lù fi bínú! Oúnjẹ Olúwa! Wọ́n wá ń jẹ ẹ́ bí ewúrẹ́! Tíṣà, kí ló dé tí ẹ kò fi ka ibẹ̀ sí wa létí láti ọjọ́ yìí?"

Mo fi hàn án pé Pọ́ọ̀lù kò ní kí ẹnikẹ́ni sá lọ sílé. Ó ní kí olúkúlùkù yẹ ara rẹ̀ wò, kí ó sì jẹ. Mo tún sọ fún un nípa ọkùnrin tí wọ́n bí ní afọ́jú, tí àwọn èèyàn ń bi Jésù pé ta ló ṣẹ̀, òun ni àbí àwọn òbí rẹ̀, tí Jésù sì sọ pé kì í ṣe òun, kì í ṣe àwọn òbí rẹ̀.

Gbogbo ìjọ ló mọ̀ pé àìsàn kídìnrín ló pa Jídé. Mo wá bi í pé, "Yèyé, nígbà tí ẹ kọ́kọ́ gbé Jídé lọ sí ọsibítù nítorí kídìnrín rẹ̀, ṣé ẹ ti jà nípa kajú nígbà yẹn?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí ka ọdún lórí ìka. Ó kà á, ó tún un kà. Ó ní, "Rárá. Ọkọ mi ṣì wà láàyè nígbà yẹn." Kò tíì gbé àìsàn àti ìjà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn rí láti ọjọ́ tí Jídé ti kú. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu ojú.

Mo rò pé iṣẹ́ mi ti parí. Mo ní, "Yèyé, ó ku ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ó bá wa jẹ lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ oṣù?"

Ó ní rárá!

Mo ní kí ló tún kù? Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni kò kàwé. Ó ní, "Ìyá Sámù ṣì wà lẹ́nu ebè. Èmi ni mo lé e kúrò. Ṣé kí n wá ṣí igbá láìdúró dè é? Kí ni o wá kà fún mi báyìí?"

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, èmi ni mo ń kọ́ni tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n kọ́ mi.

Ó rán mi ní iṣẹ́. Ó ní kí n sọ fún Ìyá Sámù pé òun pè é ní olè, kì í sì í ṣe olè. Ó ní kí ó wá máa ká kajú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó sì wá bá òun jẹ Oúnjẹ Olúwa lọ́jọ́ Ìsinmi.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo gun ọ̀kadà lọ sí Iffe. Ìyá Sámù ń sá ẹ̀gẹ́ lórí àpáta. Bó ṣe rí mi báyìí, ó ní, "Ta ló kú?" Mo ní kò sẹ́ni tó kú. Ó ní, "Kí wá ni Kabba ń wá lọ́dọ̀ mi?"

Mo jíṣẹ́. Ha, ẹnu obìnrin yìí mú! Ó ní, "Ọdún mẹ́fà ni ìyáálé mi kò fi mọ ọ̀nà Iffe. Búrẹ́dì ló wá fọ̀nà hàn án! Ṣé wọ́n fi bọ́tà sí búrẹ́dì náà ni?" Ó ní ojú gbogbo ayé ni wọ́n ti pe òun lólè, kí ló dé tó jẹ́ ẹ̀yìn àpáta ni wọ́n ti wá ń tọrọ àforíjì.

Mo gbà pé ó jàre. Mo wá sọ ohun tí Yèyé kò rán mi. Mo sọ nípa Jídé, àti ẹ̀rù Fúnkẹ́, àti ohun tí èmi fúnra mi fi kún ọ̀rọ̀ Ọlọ́run.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀gẹ́. Ó ní òun ni òun pọn Jídé nígbà tó ń ṣe ìgbóná. Ó ní òun fẹ́ wá síbi ìsìnkú rẹ̀, wọ́n ní wọn yóò lé òun. Ó yí ẹ̀yìn sí mi, ó ní, "Máa lọ. Mo ti gbọ́." Kò sọ pé òun ń bọ̀. Kò sọ pé òun kò bọ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi dé. Pásítọ̀ ní kí n ka Bíbélì. Mo kà á láti ẹsẹ̀ kẹtàdínlógún, mo sì kà á dé ìparí orí náà, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ní kí wọ́n máa dúró de ara wọn tí wọ́n bá pàdé láti jẹun. Kí n tó jókòó, mo sọ fún ìjọ pé mo ti fi ọ̀rọ̀ tí kò sí níbẹ̀ kún un ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo sì tọrọ ìdáríjì. Ojú tì mí? Ó tì mí gan-an! Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

Àwọn díákónì ṣí aṣọ funfun. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Yèyé. Kò dìde. Kò dárúkọ ìkòkò kankan. Nígbà tí ó kan orí ìjókòó rẹ̀, tí pásítọ̀ gbé àwo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ní, gbogbo wa sì gbọ́ ọ, "Ẹ má bínú, Pásítọ̀. Mo ń dúró de ẹnì kan. Mo pè é lólè, kì í ṣe olè."

Pásítọ̀ wò mí. Ó wo àwo. Ẹ̀yin ará, ó padà lọ gbé e sórí tábìlì, ó sì bò ó! Ó ní a ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á tán ni, àbí a kò gbọ́ ọ? Ó ní ká dá orin.

A kọ orin kan. A kọ èkejì. Oòrùn ń mú sí i, àwọn ọmọdé ń sunkún, ọkùnrin kan lẹ́yìn mi ń kùn pé ta la ń dúró dè, ṣé gómìnà ni. Èmi ń gbàdúrà. Mo ń rò ó pé bí kò bá wá ńkọ́? Ṣé mo ti tún dójú ti arúgbó yìí lójú ìjọ?

Nínú orin kẹta, díákónì kan jáde láti wo títì. Kò rìn jìnnà tó fi kígbe. Ìyá Sámù wà lábẹ́ igi máńgòrò ní ẹ̀gbẹ́ ìjọ! Ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ń ka Bíbélì. Ó wọlé, gèlè rẹ̀ wọ́, ó dúró ní àárín, ó kọjú sí Yèyé.

Ó ní, "Mo fẹ́ wò ó bóyá ẹ ó jẹ ẹ́ láìsí mi."

Yèyé ní, "Ìyàwó mi, wá jókòó. Ẹsẹ̀ ń ro mí."

Kò sí ẹkún kankan bí ẹ ṣe ń rò ó. Ìyá Sámù ní kí ó sún díẹ̀, pé ìdí rẹ̀ ti gba gbogbo bẹ́ǹṣì. Wọ́n jókòó. Pásítọ̀ tún ṣí tábìlì. Yèyé mú búrẹ́dì. Ó dì í mú fún ìgbà díẹ̀, ó pa ojú dé, ó sì jẹ ẹ́.

Bí a ṣe ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, ó fà mí láṣọ. Ó na fóònù rẹ̀ kékeré sí mi. Ó yé mi. Mo tẹ nọ́ńbà Fúnkẹ́. Ó dún, ó dún. Yèyé di ọwọ́ Ìyá Sámù mú. Ó dún títí ó fi já. Mo tún un tẹ̀.

Fúnkẹ́ gbé e. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú, mo wà ní ìdí ààrò. Kí ló dé? Ṣé kò sí?"

Yèyé ní, "Kò sí. Mo jẹ Oúnjẹ Olúwa lónìí, èmi àti Ìyá Sámù. Mo kàn ní kí n gbọ́ ohùn rẹ." Nígbà yẹn ló tó sunkún.

Ohun tí mo kọ́ rèé. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní ìjọ, ẹ̀yin tí ẹ ń sọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ní èdè ilé fún àwọn tí kò lè kà á, ẹ má fi kún un kí ó lè ta. Ẹ kà á láti òkè. Bí ẹnì kan bá sì béèrè ibi tó le, ẹ má yára dáhùn. Ẹ kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ ló ń béèrè nípa rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí n kò bá mọ ìdáhùn, màá sọ pé n kò mọ̀ ọ́n, màá lọ wò ó. Mo ti pinnu, n kò ní padà.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ibo nínú Bíbélì ni wọ́n ti fi dẹ́rù bà yín rí, tí ẹ wá kà á fúnra yín tí ẹ rí i pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Ta ló ràn yín lọ́wọ́? Ẹ kọ ọ́ síbí kí àwa náà lè kọ́ ẹ̀kọ́.

Ìwọ tí o ka èyí, kí Ọlọ́run mú ẹ̀rù tí kì í ṣe ti Rẹ̀ kúrò lọ́kàn rẹ. Kí àwọn tí o fẹ́ràn pẹ́ fún ọ. Kí ìwọ àti ẹni tí ẹ ti jọ jà tún jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, kí àyè sì gba ẹ̀yin méjèèjì. Àmín.